Mo fẹ́ pààrọ̀ fíltà ẹja mi sí ńlá, mi ò fẹ́ tún pa wọ́n o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Mo ní goldfish mẹ́rin nínú táǹkì onígíláàsì tó ń gba omi 200 lítà, wọ́n ti dàgbà gan-an, fíltà kékeré tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ò ká wọn mọ́, tí mo bá fọ̀ ọ́ lónìí, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin ìgbẹ́ á tún ti kún ilẹ̀ táǹkì. Mo wá ra canister, ìyẹn fíltà ńlá onídérí tó máa ń dúró níta táǹkì, tó ń fa 1,200 lítà ní wákàtí kan, ó ṣì wà nínú páálí, ẹ̀rù ló ń bà mí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn mo yọ fíltà àtijọ́ jù nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo mo fi tuntun sí i, omi mọ́ gaara, inú mi ń dùn, àfi bó ṣe di ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n ń gbé ẹnu sókè omi tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, mẹ́ta kú mọ́ mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ mi ti sọ gbogbo wọn lórúkọ. Báwo ni kí n ṣe é?

Ọmọ Ìkòròdú: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ jáde, ẹ fi iyọ̀ fọ táǹkì, ẹ fọ fóòmù inú fíltà lábẹ́ ẹ̀rọ kó mọ́ tónítóní, kẹ́ ẹ wá gbé tuntun sí i.

Bàbá Ẹlẹ́ja Ìbàdàn: Rárá o àbúrò, má bínú, ohun tó o sọ yẹn gan-an ló máa pa wọ́n. Ẹ gbọ́ mà, amóníà ló ń jáde lára ẹja, májèlé ni, bakitéríà kan ló ń sọ ọ́ di nitrite, májèlé lòun náà, òmíràn á wá sọ nitrite di nitrate tí ò le tó bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ lè máa fi omi pípààrọ̀ dín kù. Àwọn bakitéríà yìí ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú omi, ara fóòmù àti òkúta ilẹ̀ táǹkì ni wọ́n lẹ̀ mọ́, nǹkan búráùn tó ń yọ̀ bí ilá lára fóòmù yẹn, ilé wọn nìyẹn. Wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó pọ̀, wọn ò dà bí kòkòrò tó ń ba ọbẹ̀ jẹ́ mọ́jú. Ẹ gbé canister sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, kí méjèèjì jọ máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kẹ́ ẹ tó yọ kékeré. Ẹ dín oúnjẹ wọn kù láàárín ìgbà yẹn.

Ìyá Ìbejì, London: Òótọ́ ni bàbá sọ. Èmi ò ní àyè fún méjì, ṣe ni mo kó gbogbo fóòmù àtijọ́ sínú canister tuntun lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú omi lára ẹ̀, mi ò jẹ́ kó gbẹ rárá, kò sí èyí tó kú. Àmọ́ ẹ má fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ o, chlorine tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ á pa àwọn bakitéríà yẹn. Tiwa níbí chloramine ni, ìyẹn chlorine tí wọ́n pò mọ́ amóníà, kéèyàn gbé omi kalẹ̀ mọ́jú ò lè lé e lọ, oògùn tó ń pa agbára ẹ̀ ni mo máa ń fi sí i.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Iná ńkọ́? Tí wọ́n bá mú un níbí ó lè tó wákàtí mẹ́wàá.

Bàbá Ẹlẹ́ja Ìbàdàn: Háà, ibẹ̀ ló le jù, mi ò bá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Canister dé pa ni, tí omi ò bá ti rìn, atẹ́gùn inú ẹ̀ á tán, bakitéríà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, omi inú ẹ̀ á sì bàjẹ́. Tó bá ti pẹ́, ẹ má kàn tan án kó da ìdọ̀tí yẹn sórí ẹja o, ẹ kọ́kọ́ da omi inú ẹ̀ nù, ẹ fi omi táǹkì ṣan fóòmù. Èyí tó dáa jù ni kẹ́ ẹ ra pọ́ǹpù atẹ́gùn tó ń lo bátìrì, tí iná bá lọ, ẹ kó fóòmù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi táǹkì, kí pọ́ǹpù máa hó níbẹ̀, ẹ fi òmíràn sínú táǹkì fún àwọn ẹja.

Ọmọ Ìkòròdú: Ẹ ṣé bàbá, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, mi ò mọ̀.

Ẹni tó béèrè: Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé o. Mo bu omi táǹkì sí garawa, mo fún fóòmù kékeré yẹn lẹ́ẹ̀mejì péré, omi náà dúdú bí omi ẹlùbọ́, mo gbé imú sí i, kò rùn, bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló rí, mo wá dà á lé fóòmù tuntun inú canister. Méjèèjì ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Mò ń yẹ omi wò lálaalẹ́, amóníà 0, nitrite 0, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jẹun. Mi ò tíì yọ kékeré, ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà.