Wọ́n ti gba WhatsApp ìyá mi, wọ́n fi ń tọrọ owó: kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

Ọmọ Ìyá Aláṣọ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹnì kan fi nọ́ńbà ọ̀rẹ́ ìyá mi bá wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp láàárọ̀ yìí, ó ní òun ń ṣètò ìpàdé ẹgbẹ́, kí wọ́n ka kóòdù onídíjíìtì mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù wọn fún òun. Wọ́n kà á. Kò pẹ́ ni WhatsApp lé wọn jáde, làwọn ẹbí bá ń pè pé ṣé lóòótọ́ ni Mọ́mì ń yá ₦50,000. Àbúrò bàbá mi ti fi ránṣẹ́. Ṣé ká yọ WhatsApp náà kúrò lórí fóònù, ká tún un gbé sí i ni?

Atúnfóònùṣe: Ẹ má yọ ọ́ o! Orí fóònù Mọ́mì ni gbogbo ọ̀rọ̀ àtijọ́ wọn wà. Tí ẹ bá yọ ọ́ láìsí ẹ̀dà tí ẹ tọ́jú pamọ́, ó lọ nìyẹn. Olè yẹn ò rí wọn. Àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n wà àti ọ̀rọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ló ń rí.

Ẹ ṣí WhatsApp, ẹ fi nọ́ńbà wọn sí i, ẹ dúró de kóòdù onídíjíìtì mẹ́fà lórí SMS, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, olè ti jáde. Ó ṣeé ṣe kí WhatsApp tún béèrè PIN kan tí Mọ́mì ò mọ̀: olè náà ló fi sí i kí ẹ má baà wọlé. Ọjọ́ 7 lẹ ó fi dúró kí ẹ tó lè wọlé láìsí PIN yẹn. Ó ń dunni, àmọ́ òun náà ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Tí SMS ò bá tètè wá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ léraléra. Bí ìbéèrè kóòdù bá ti pọ̀ jù, WhatsApp á ní kí ẹ dúró, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, jẹ́ kí ẹlòmíì máa bá fóònù jà, ìwọ lé owó. Àbúrò bàbá rẹ gan-an ni kó pe báńkì rẹ̀ báyìí, torí òun ló fi owó ránṣẹ́. Kó mú rìsíìtì dání: nọ́ńbà àkáǹtì oníjìbìtì, orúkọ tó wà lórí rẹ̀, iye owó, aago, àti session ID. Nọ́ńbà gígùn onídíjíìtì 30 ni session ID, òun ni báńkì méjèèjì fi ń tọpa owó. Kó ní kí wọ́n kàn sí báńkì tó gba owó, kí wọ́n dì í mú síbẹ̀. Kó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, kó sì tún kọ ímeèlì. Wọ́n sábà máa ń pín owó bẹ́ẹ̀ sí àkáǹtì míì, tàbí kí wọ́n gbà á lọ́dọ̀ oníPOS, nítorí náà kó má dúró di ọ̀la. Tí báńkì bá ń fi falẹ̀, CBN ló kàn: cpd@cbn.gov.ng.

Ẹni Ire: Mo mọ ọ̀gá kan tó ń gba WhatsApp padà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ₦15,000 péré, ẹ bọ́ sí inbox mi.

Alákòóso: A ti yọ Ẹni Ire kúrò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á gba àkáǹtì padà fún yín lówó, gbájúẹ̀ kejì ni.

Oníṣẹ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì: Ṣé olè yẹn ní kí Mọ́mì tẹ nọ́ńbà kankan bíi pé wọ́n fẹ́ ra káàdì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *21* tàbí **21*? Ìyẹn ń darí ìpè wọn sọ́dọ̀ rẹ̀. WhatsApp lè fi ìpè ka kóòdù, òun ni yóò gbé e. Àwọn ẹbí tó ń pè láti kìlọ̀ pàápàá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò já sí. Ẹ tẹ *#21# láti wò ó, kí ẹ tẹ ##002# láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Bí síìmù bá jẹ́ méjì, ẹ ṣe é lórí méjèèjì.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. A ti tẹ ##002#, báńkì sì ti fún wọn ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Kóòdù SMS wọlé, ó ń béèrè PIN bí ẹ ṣe wí. Ṣé owó Mọ́mì ní báńkì ò sí nínú ewu?

Atúnfóònùṣe: Kóòdù WhatsApp nìkan ò ṣí báńkì. Tí wọ́n bá ka kóòdù míì, tàbí nọ́ńbà káàdì ATM, kí wọ́n pe báńkì tiwọn náà. Ẹ ní kí alákòóso àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nọ́ńbà wọn kúrò títí ọjọ́ 7 yóò fi pé, kí ẹ sì fi nọ́ńbà míì kìlọ̀ fún wọn, pàápàá ọ̀rẹ́ wọn yẹn. Nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n ti jí ni wọ́n fi mú Mọ́mì.

Tí ẹ bá wọlé, ẹ lọ sí Settings, Account, Two-step verification. Ẹ fi PIN onídíjíìtì mẹ́fà tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí sí i, kí ẹ sì fi ímeèlì sí i torí ìgbàgbé. Ẹ wo Linked devices pẹ̀lú. Irú olè kan wà tó ń fún yín ní kóòdù alálẹ́tà àti nọ́ńbà 8 pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú WhatsApp yín, ìyẹn kì í lé yín jáde. Á kàn jókòó síbẹ̀ máa ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ yọ gbogbo ohun tí ẹ ò bá mọ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ: Kóòdù míì tún ń wọlé báyìí, a ò sì béèrè.

Oníṣẹ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì: Òun ló tún ń gbìyànjú. Ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì fèsì. Kóòdù náà yóò kú fúnra rẹ̀.