Slip táyà lórí ilẹ̀ rírọ̀: ẹ jẹ́ ká pè é ní àdínkù ìrìn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ táyà àti ilẹ̀ yìí. Ẹ ní kí a pe ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní slip, ìyẹn bí táyà ṣe ń yí ju ibi tí ọkọ̀ rìn dé lọ, ní "yíyọ̀". Àwọn kan ní "yíyí òfo" ló dáa jù. Èmi ò fara mọ́ méjèèjì, nítorí ohun tí wọ́n ń wọ̀n gan-an.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n lóko. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn katakata, wọ́n á gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè, táyà á yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọ́n á wọn ibi tó rìn dé. Wọ́n á wá sọ ohun ìtúlẹ̀ kalẹ̀, táyà á tún yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ mítà 50, tí èkejì jẹ́ 44, slip jẹ́ 12%. Kò sí ohun tó yọ̀ níbẹ̀. Ìrìn ló dín. Orí ilẹ̀ kan náà ni kí wọ́n ti wọn méjèèjì o: ẹni tó wọn ọ̀kan lórí ọ̀dà, tó wọn èkejì lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti tú, iye tó máa rí kò ṣe é gbára lé. A kì í sì wọn táyà tó wà lórí jáàkì, torí ẹrù ń tẹ̀ ẹ́ wọlé.

"Yíyí òfo" dá táyà lẹ́bi láìtọ́. Ilẹ̀ kì í ti ọkọ̀ síwájú àfi bí erùpẹ̀ abẹ́ táyà bá sún sẹ́yìn. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ nípa ọkọ̀ àti ilẹ̀, Janosi àti Hanamoto, gbé kalẹ̀ ní 1961 fi hàn pé bí erùpẹ̀ bá ṣe ń sún ni agbára tó fi ń di táyà mú ń pọ̀ sí i, títí yóò fi kan òkè. Ká ní ibi tí táyà fi kan ilẹ̀ gùn tó 30 cm, tí K ilẹ̀ náà (iye inú ìlànà yẹn tó ń sọ bí erùpẹ̀ ṣe ń sún jìnnà tó kí agbára rẹ̀ tó pọ̀) jẹ́ 2.5 cm. Bí slip bá jẹ́ 5%, erùpẹ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun ẹ̀yìn ti sún 1.5 cm, ó ń lo nǹkan bí 45% agbára rẹ̀. Bó bá di 25%, ó ti sún 7.5 cm, agbára ti di 95%. Táyà tó yí ju ìyẹn lọ, ihò ló ń gbẹ́. Nǹkan bí 8 sí 15% ló sì dára jù fún katakata lóko.

Àbá mi nìyí: "àdínkù ìrìn" fún slip, "yíyọ̀" fún ọkọ̀ tó ń fẹ̀gbẹ́ lọ, "yíyí lójú kan" nígbà tó bá di 100%.

"Rírì" tí ẹ kọ fún bí táyà ṣe ń wọlẹ̀ dára, ṣùgbọ́n èyí tí ẹrù fà nìkan ni kó wà fún. Ìlànà tí onímọ̀ Bekker fi ń ṣírò rírì ni p = (kc/b + kφ)zⁿ: p ni bí ẹrù ṣe ń tẹ ilẹ̀ tó (ní kPa), b ni ìbú táyà, z ni bó ṣe rì tó (méjèèjì ní mítà); kc, kφ àti n ń sọ irú ilẹ̀ tó jẹ́. Lórí iyanrìn gbígbẹ tí n rẹ̀ jẹ́ 1.1, kc 0.99, kφ 1528, táyà tó fẹ̀ ní 20 cm tó ń tẹ̀ ẹ́ ní 50 kPa yóò rì ní 4.5 cm; ní 100 kPa, nǹkan bí 8.4 cm. Ìdí tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ nínú iyanrìn nìyẹn, kí ó lè tẹ ilẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà tó ń yí lójú kan máa ń rì ju èyí lọ, ìlànà yẹn nìkan kò sì lè rí i. "Ìwalẹ̀" ni kí a pe ìyẹn. Ọkọ̀ Spirit, ẹ̀rọ aládàáṣiṣẹ́ NASA tó há sínú iyanrìn lórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars ní 2009, bí àwọn táyà rẹ̀ ṣe ń yí ni wọ́n ń walẹ̀ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "agbára ilẹ̀", tí ẹ kọ fún bí ilẹ̀ ṣe ń di táyà mú, kúrò nínú àkójọ náà. Amọ̀ ń di táyà mú nípa ìlẹ̀mọ́ra (cohesion), iyanrìn nípa ìfaragbora (friction). Ẹ fi ẹrù kún ọkọ̀ lórí iyanrìn, ìdìmú á pọ̀ sí i. Ẹ fi kún un lórí amọ̀ tútù, kìkì rírì ló máa pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè gbé méjèèjì.

Ó ku K inú ìlànà Janosi àti Hanamoto. Kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ fún un rántí pé gígùn ni, cm la fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe agbára.