Oṣù mẹ́jọ lọ́mọ mi, wọ́n ní SS ni, kí ló dé tí ò fi hàn látìgbà tí mo bí i?

Ìyá Àbíkẹ́yìn: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ọmọ mi kẹta ló ń sunkún láti Mọ́ńdè tí ò jẹ́ ká fọwọ́ kan òun, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì ọwọ́ àtẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú, a sáré gbé e lọ sọ́sibítù, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n ní jẹ́nótaìpù ẹ̀ SS ni, ìyẹn àìsàn sickle cell. AS lèmi, AS ni bàbá ẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ méjèèjì, AA ni ọ̀kan, AS ni èkejì. Ohun tí ò yé mi ni pé ọmọ yìí sanra, ó tètè jókòó, kò tíì ṣàìsàn rí. Ìyá ọkọ mi ní ẹnì kan ló fọwọ́ kàn án níbi ìkómọ. Àbí àyẹ̀wò yẹn ni wọn ò ṣe dáadáa?

Nọ́ọ̀sì Adúgbò: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á dá a sí. Ẹ lè tún un yẹ̀ wò, kò burú, àmọ́ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ gan-an lẹ sọ yẹn. Ọmọ inú oyún kì í lo irú hemoglobin (èròjà tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀) tá a ń lò, tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní F, òun ló fi ń gba ọ́síjìn lára ìyá ẹ̀, F yìí kì í sì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀. F yẹn pọ̀ lára ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bí i, ó wá ń dín kù díẹ̀díẹ̀, hemoglobin S tó jẹ́ tàwọn SS ń gbapò ẹ̀, tó bá ti ń lọ sí bí oṣù mẹ́fà S á ti pọ̀ jù. S tó bá ti já ọ́síjìn sílẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó rí roboto kó sì rọ̀ á wá le, á tẹ̀ bíi dòjé, á wá há sáwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn tó wà ní egungun ọwọ́ àtẹsẹ̀ ọmọ. Ìyẹn ló wú yẹn. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án mà.

Bàbá Ọlọ́dún Mọ́kànlá: SS ni tèmi náà, ó ti pé ọdún 11. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí: ìrora yẹn le lóòótọ́ àmọ́ kòkòrò àìsàn ló ń tètè pa wọ́n ní kékeré. Spleen, tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, òun ló ń sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ yẹn ló máa ń bà á jẹ́ kọ́mọ tó mọ̀ọ́ rìn dáadáa pàápàá, àìsàn bí nìmóníà á wá rí i mú. Ẹ bi dókítà nípa penicillin ojoojúmọ́, wọ́n ń lò ó títí ọmọ á fi pé ọdún márùn-ún, wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 1986, ó sì gba ẹ̀mí àwọn ọmọ là. Oògùn ibà náà ńkọ́, ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣeré. Tára ẹ̀ bá gbóná, kódà kó jẹ́ òru, ọsibítù ni, kì í ṣe àgbo. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa fọwọ́ wá spleen yẹn, torí ó lè ṣàdédé fa ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sínú, kí ikùn wú kí ojú ọmọ funfun láàárín wákàtí mélòó kan.

Ìyá Àbíkẹ́yìn: Ẹ ṣé gan-an, mo ti ń sunkún látàná. Torí pé méjì àkọ́kọ́ bọ́, mo rò pé a ti jàjàbọ́ ni.

Nọ́ọ̀sì Adúgbò: Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń dá mú tiẹ̀ mà, 25% ló ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS ní gbogbo ìgbà tí AS méjì bá lóyún, ti ẹ̀gbọ́n ò kan ti àbúrò. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ohun kan tẹ́ ẹ tún máa bi dókítà ni hydroxyurea, torí F tá a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, oògùn yìí ló ń mú kó tún pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, dókítà ló máa sọ ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ìwọ̀n tó máa lò, wọ́n á sì máa gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò déédéé.