Ìgbéyàwó bòńkẹ́lẹ́ lórí òkè: ẹ̀yin ayàwòrán, kí ni ojú yín rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán. Ìgbéyàwó bòńkẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ ká jọ sọ, pàápàá èyí tí wọ́n ń gun òkè lọ ṣe. Kò sí ẹbí, kò sí ọ̀rẹ́, kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọkọ, ìyàwó, ẹni tó máa so wọ́n pọ̀, àti ìwọ tí o gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Kálukú kó sọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú.

Ibi tí tọkọtaya kan yàn ga ju 2,500 mítà lọ, ilẹ̀ koríko kékeré kan tó tẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Ọkọ̀ ò lè débẹ̀, ẹsẹ̀ la fi rìn. Ohun tí ìyàwó ń fẹ́ ò ju ẹyọ kan lọ: kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ tàn sí wọn lára nígbà tí wọ́n bá ń jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ó ti wo fóònù rẹ̀, fóònù ní aago méje ààbọ̀ ni oòrùn máa wọ̀, ló bá fi ẹ̀jẹ́ sí aago méje. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má gba fóònù yẹn gbọ́." Aago inú fóònù, ti ilẹ̀ tó tẹ́ rẹrẹ ni. Lórí òkè, òkè tó wà ní ìwọ̀-oòrùn yín ló láṣẹ. Oòrùn ń rin nǹkan bíi digiri 15 ní wákàtí kan. Tí ẹ bá ní láti gbójú sókè ní digiri 15 kí ẹ tó rí góńgó òkè náà, ó kéré tán, wákàtí kan gbáko ló máa gbà lọ́wọ́ yín.

Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Mo máa ń na apá mi tán, màá tẹ ọwọ́ wọ inú, kí àwọn ìka dùbúlẹ̀ lórí ara wọn láàárín góńgó òkè àti oòrùn. Ìka kan tó bíi ìṣẹ́jú 15 kí oòrùn tó wọ ẹ̀yìn òkè. (Ẹ má tẹjú mọ́ oòrùn fúnra rẹ̀ o, ojú ò ṣeé rà.) Mo ti gòkè lọ wọ̀n ọ́n kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, a sì fa ẹ̀jẹ́ wá sí aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Kó tó di aago mẹ́fà, oòrùn ti wọ ẹ̀yìn òkè. Díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, ìyàwó ṣì ń ka tirẹ̀. Atẹ́gùn ń fa bébà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ débi pé èékánná rẹ̀ funfun. Mo rí òjìji òkè tó ń rá bọ̀ lórí koríko. Ó dé bàtà ọkọ, ó dé orúnkún rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì wà lójú ìyàwó síbẹ̀. Fọ́tò yẹn ni wọ́n gbé kọ́ ògiri.

Ẹ má tíì kó kámẹ́rà sápò nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kúrò lára yín. Oòrùn tó fi yín sílẹ̀ ṣì ń tàn sí àwọn òkè ìlà-oòrùn, àpáta wọn á sì pọ́n bí osùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ yí tọkọtaya sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ kíá.

Lẹ́ńsì 70-200, èyí tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́, ni mo lò nígbà ẹ̀jẹ́. Mo jìnnà débi pé n ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹni tó sá fún ọgọ́rùn-ún èrò, kí ló dé tí èmi nìkan á wá máa mí sí i lọ́rùn?

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Tèmi, òtútù ni. Bí a ṣe ń gòkè ni ojú ọjọ́ ń tutù sí i, bíi digiri Celsius 6.5 fún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wọ aṣọ fẹ́lẹ́ kúrò nísàlẹ̀ á kàgbákò. Kámẹ́rà gan-an ń kàgbákò: bátìrì tó kún nílé á sọ lójijì pé òun ti tán. Inú aṣọ, níbi tó sún mọ́ ara, ni mò ń kó tèmi sí. Èyí tó bá ní òun tán, màá fi há abíyá, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á tún ṣiṣẹ́.

Àmọ́ kì í ṣe òun ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ìrìn gígùn máa ń mú ìka wú. Ọkọ gbé òrùka, ó dé oríkèé ìka ìyàwó, ó há. Ó tì í, kò lọ. Ìyàwó wò ó, ló bá gba ìka náà bọ ẹnu, ó fi itọ́ pa á, ó nà án padà sí i. Ẹni tó ń so wọ́n pọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sórí òkúta. Ká ní ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò wọ́n ni, ṣé ìyàwó á ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn fọ́tò tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yẹn nìyẹn.

Ẹ̀yin tó ń ti òtútù wọ yàrá gbígbóná, ẹ di kámẹ́rà sínú ọ̀rá pinpin kí ẹ tó wọlé, ẹ má ṣí i títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á sẹ̀ sínú lẹ́ńsì.

*

Ẹ jẹ́ kí n fi ti yìnyín kún un. Kámẹ́rà rò pé gbogbo ayé ló rí eérú-eérú. Tó bá rí òkè funfun àti aṣọ funfun, á mú un ṣókùnkùn. Mo máa ń fi ìmọ́lẹ̀ kún un ní +1 sí +1.5, màá sì wo gíráàfù inú kámẹ́rà tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn, kì í ṣe àwòrán ojú gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ tí oòrùn ń bù sí.

*

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ńkọ́? Ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, òfin gbà kí tọkọtaya so ara wọn pọ̀ láìsí àlùfáà, láìsí ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n tí ibẹ̀ bá jẹ́ inú ọgbà ìjọba bíi Rocky Mountain National Park, ẹ gba ìwé àṣẹ ìgbéyàwó tiwọn. Drone, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò yàwòrán, tún jẹ́ èèwọ̀ nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ láti 2014. Inú mi ò sì bà jẹ́ sí òfin yẹn rárá, ariwo rẹ̀ ti ba ẹ̀jẹ́ tí mò ń ya jẹ́ rí, ẹlòmíì ló ń fò ó lókè orí wa. Ẹ má sì tìtorí fọ́tò tẹ òdòdó orí òkè mọ́lẹ̀, kì í tètè hù padà níbi tó ga bẹ́ẹ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n tó wọn oòrùn, mo gbóṣùbà fún yín, àmọ́ n ò bá yín lọ tán. A wọn tiwa, a ṣètò, kúrùkúrù wá bo gbogbo òkè pátá. Ṣóńṣó òkè tá a tìtorí rẹ̀ rìn, a ò rí i. Mo sún mọ́ wọn, mo fi lẹ́ńsì 35 yà wọ́n, àwọn méjèèjì nìkan nínú funfun, bíi pé ayé ti tán. Ìyàwó ní òun ò fẹ́ òkè mọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n o, ẹ má kàn fi ṣe orogún tọkọtaya.

*

Èmi tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tún dé. Òótọ́ lẹ sọ. Kúrùkúrù ò burú, àrá ló burú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn orílẹ̀-èdè olótùútù, ọ̀sán ni òjò alárá sábà máa ń ṣú lórí òkè, nítorí náà bí ọjọ́ bá ti rí bẹ́ẹ̀, àárọ̀ kùtùkùtù ni mò ń fi ẹ̀jẹ́ sí. Tí ẹ bá rí mànàmáná, ẹ kà: tí àrá bá sán kí ẹ tó ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ kúrò lórí góńgó kíá, ẹ má dúró ya ìyókù. Ẹni tó fi àdáni bi mí nípa bàtà: bàtà òkè ni kí ìyàwó wọ̀ lọ, kó ká aṣọ rẹ̀ sínú àpò tí omi ò lè wọ̀. Bó bá débẹ̀ kó pààrọ̀ lẹ́yìn àpáta, kó má sì bọ́ bàtà yẹn.