Ṣé kí n kọ́kọ́ kọ́ Python ni, àbí kí n máa bá kọ́ọ̀sì AI yìí lọ bẹ́ẹ̀?

Ìyá Tómi: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìdúmọ̀tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń bá àwọn tó ń ta àǹkárá ṣe ìwé owó. Ṣómólú ni mo ń gbé. Àbúrò mi ló fi kọ́ọ̀sì Yunifásítì Harvard kan hàn mí, CS50 AI, Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fídíò rẹ̀. Mo wo ti àkọ́kọ́ tán, ó yé mi yékéyéké. Ìgbà tí mo ṣí iṣẹ́ àṣetiléwá ni ojú mi wá ń ṣe bàìbàì. Excel ni mo mọ̀, mi ò kọ kóòdù rí, láti ìgbà WAEC sì ni èmi àti ìṣirò ti pínyà. Ibì kan wà ní Yábàá tí wọ́n ní àwọn á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n kó owó ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láptọ́ọ̀pù mi, RAM 4GB ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì Bàrígà: Ọmọ mi, má kó owó kankan sílẹ̀ o! Ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n fẹ́ tà fún ẹ.

Tíṣà Àkọkà: Ìyá Tómi, ẹ kú iṣẹ́. Kì í ṣe orí yín ló le. Àwọn tó ṣe kọ́ọ̀sì náà fúnra wọn ti sọ ọ́ pé kí èèyàn ti ṣe CS50x, kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ wọn, tàbí kó ti fi Python ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ó kéré tán, kó tó wọ inú rẹ̀. Wọ́n ní òmíràn tó ń jẹ́ CS50P, Python nìkan ló dá lé, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ ná. Tí ẹ bá ti lè kọ `for` (kó máa tún nǹkan ṣe) àti `if` (kó ṣe é bí ó bá rí báyìí) láìwo ìwé, tí ẹ lè ya function, ìyẹn kóòdù kékeré tó ní orúkọ tirẹ̀, sọ́tọ̀, tí ẹ sì mọ list (nǹkan tó tò tẹ̀ léra) yàtọ̀ sí dictionary (orúkọ àti ohun tó bá a lọ), ẹ padà wá.

Iṣẹ́ tó dá yín láàmú yẹn, "Degrees" ni. Òṣèré méjì ni wọ́n fún yín, kẹ́ ẹ wá bí fíìmù tí wọ́n jọ ṣe ṣe so wọ́n pọ̀, ní ọ̀nà tó kúrú jù. Ẹ gbé fíìmù tì ná. Ká ní ẹ fẹ́ lọ láti Ṣómólú sí Ìdúmọ̀tà, kò sí ọkọ̀ tààrà, ẹ ò sì mọ̀nà. Ẹ kọ gbogbo ibi tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gbé yín dé sílẹ̀: Onípáànù, Palmgrove, Bàrígà. Ẹ yẹ gbogbo wọn wò tán kẹ́ ẹ tó kan èyí tó gba ọkọ̀ méjì, bí Ọyìngbò. Ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá kan Ìdúmọ̀tà báyìí, ẹ ti rí ọ̀nà tó gba ọkọ̀ tó kéré jù. Breadth-first search nìyẹn: ibi tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, queue, ìlà bíi ti ibi tí èèyàn ti ń tò, ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó rí, tó ń bá a lọ títí ọ̀nà fi tán kó tó padà, depth-first lòun ń ṣe. Ó lè dé Ìdúmọ̀tà lóòótọ́, àmọ́ ó lè ti gba Ìkòròdú kọjá.

Ìṣirò ò tíì dé níbẹ̀ yẹn. Òdo ni wọ́n ti ń ka ọ̀sẹ̀ wọn, 0 dé 6. Week 2 ni òfin Bayes ti máa wọlé, ẹ ó nílò probability níbẹ̀, ìṣirò bó ṣe ṣeé ṣe tó kí nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ọmọ Ìyànà-Ìpájà: Gbogbo wàhálà yìí nítorí kí ni? ChatGPT ń kọ kóòdù báyìí. Ẹ ní kó bá yín ṣe é, ó parí.

Tíṣà Àkọkà: Òfin kọ́ọ̀sì náà ò gbà á. Dọ́kì, AI tiwọn tí wọ́n ṣe síbẹ̀, nìkan lẹ lè bi, òun náà kì í sì í gbé ìdáhùn fúnni. Àti pé tí kóòdù tó kọ fún ẹ bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, ta lo fẹ́ ké sí?

Ìyá Tómi: Ẹ ṣé o, Tíṣà, ti ọkọ̀ yẹn là mí lójú. Láptọ́ọ̀pù mi yìí ńkọ́? Dátà náà tún ń jẹ mí lówó.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà Ìkẹjà: 4GB á gbé yín dé Week 4. Week 5 ni ìjàngbọ̀n wà: àwòrán àmì ojú pópó ilẹ̀ Jámánì, oríṣi 43, lẹ máa fi TensorFlow, irinṣẹ́ AI kan, kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá mọ̀. Ẹ lo Google Colab fún ìyẹn, kọ̀ǹpútà Google ló máa ṣe làálàá rẹ̀. Àmọ́ ẹ máa kó iṣẹ́ yín sínú Google Drive, torí bí Colab bá já, fáìlì tẹ́ ẹ kó sínú Colab ti lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi RAM kún un, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọn ò jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Tí wọ́n bá máa tú láptọ́ọ̀pù, ojú yín ni kí wọ́n ti tú u o, ẹ má fi sílẹ̀ lọ jẹun. Ní ti dátà, àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, ẹ máa kà á dípò kẹ́ ẹ tún fídíò wò.

Ọmọ Ọlọ́jà: Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, Ìyá Tómi. Ìwé owó yín gan-an ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìdánrawò, ẹ sọ Excel yẹn di CSV, fáìlì lásán tí àmì kọ́mà pín, kí Python ka gbèsè oníbàárà kọ̀ọ̀kan pọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ ṣá. Èèyàn méjì lè tẹ "Ọlá", kó rí bákan náà lójú, kí `len`, tó ń ka iye àmì inú ọ̀rọ̀, ka 3 fún ọ̀kan, kó ka 5 fún èkejì, torí pé ẹnì kan tẹ lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì, ẹnì kejì tẹ àmì lọ́tọ̀. Python á ní oníbàárà méjì ni. `unicodedata.normalize("NFC", orúkọ)` ló ń tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ́ni ò mọ èyí, torí Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo àpẹẹrẹ wọn.

Ìyá Ìbejì Bàrígà: Háà! Àmì ohùn náà tún ń dá gbèsè sílẹ̀.

Ìyá Tómi: Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti sọ fún àwọn ará Yábàá pé mi ò wá mọ́. Mo ti ṣí CS50P. Tíṣà, ẹ má bínú, ó ń kọ `IndentationError` sí mi lójú.

Tíṣà Àkọkà: Ẹ wo ìlà tó parí sí kọ́lọ̀n (:). Ẹ ti ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ wọlé, àlàfo mẹ́rin, kẹ́ ẹ ní kó tún ṣiṣẹ́.

Ìyá Tómi: Ó ti ṣiṣẹ́!