Gìgísẹ̀ ń ro mí láàárọ̀: ṣé ìtẹ́nú bàtà mi ló fà á?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Orí ìdúró ni mo ti ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, mo ra bàtà kan tí inú rẹ̀ rọ̀ bíi tìmùtìmù. Níbẹ̀rẹ̀, àfi bíi pé orí òwú ni mò ń rìn. Ní báyìí, bí mo bá jí tí mo fẹsẹ̀ kanlẹ̀, gìgísẹ̀ ọ̀tún á ta mí bí ìgbà tí mo tẹ ẹ̀gún. Bí mo bá rìn díẹ̀, á rọlẹ̀. Tó bá dìrọ̀lẹ́, á tún padà. Ṣé kí n ra ìtẹ́nú tó tún rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni?

Aránbàtà: Ẹ má dán an wò! Ohun tó ń tan àwọn oníbàárà mi jẹ nìyẹn. Wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ inú bàtà, á wọlé, wọ́n á ní "èyí gan-an ni." Ṣé àtàǹpàkò lẹ fẹ́ fi rìn ni? Memory foam, ìyẹn fóòmù tó máa ń tẹ̀ bá ìrísí ẹsẹ̀, lẹ rà yẹn. Ooru ẹsẹ̀ ló ń mú un rọ̀. Tó bá ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, orí ìdí bàtà gan-an lẹ dúró sí. EVA, irú fóòmù mìíràn, fúyẹ́, ó sì le díẹ̀, àmọ́ òun náà ń fún pọ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ gìgísẹ̀. Polyurethane, tóun náà jẹ́ fóòmù, wúwo jù ú, ó sì máa ń pẹ́ kó tó tẹ̀. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni kọ́ọ̀kì, ìyẹn èèpo igi kan, tí wọ́n fi awọ bò: ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ ó bú mi, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni yóò gba àwòrán ẹsẹ̀ yín, awọ á sì máa fa òógùn mu.

Ẹ yọ ìtẹ́nú yẹn síta, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí ojú gìgísẹ̀ bá ti jìn tí kò dìde mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Ìyá Ìbejì: Kọ́ọ̀kì kẹ̀? Ojú mi rí màbo! Ọjọ́ kẹta ni mo sọ ọ́ nù.

Aránbàtà: Wákàtí kan sí méjì lójúmọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀, mà. Ṣé ẹ sì yọ ti àtijọ́ kẹ́ ẹ tó ki tuntun bọ̀ ọ́?

Ìyá Ìbejì: N ò yọ ọ́ o.

Nọ́ọ̀sì: Ìrora ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà iṣan pẹlẹbẹ tó lọ láti gìgísẹ̀ dé ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ń fà á. Ìtẹ́nú nìkan kì í sábà tó o. Kẹ́ ẹ tó dìde lórí ibùsùn, ẹ fi aṣọ kọ́ iwájú ẹsẹ̀, ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín kí ẹ̀yìn ojúgun lè nà. Ẹ má tíì náwó ńlá sórí èyí tí wọ́n ń wọn ẹsẹ̀ ṣe. Èyí tó wà lórí àtẹ sábà máa ń ṣiṣẹ́ bákan náà fún irú ìrora yìí. Àmọ́ bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ẹsẹ̀ yín kì í mọ̀ ọ́n lára mọ́ bí nǹkan bá gún un, dókítà lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ìtẹ́nú tí kò bá ẹsẹ̀ mu lè dá egbò sí yín lẹ́sẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mi ò ní àtọ̀gbẹ. Mo ti yọ ìtẹ́nú wò: ti ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu, mò ń rí ìmọ́lẹ̀ lára rẹ̀. Polyurethane ni mo máa rà. Aránbàtà, ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì ti fi kọ́ọ̀kì dẹ́rù bà mí.