Mọ́nítọ̀ mi ń gbé àdìrẹ mì, ibi tó dúdú nínú fótò ò hàn rárá

Fótò_Ìtòkú
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Fótò àdìrẹ ni mò ń yà fáwọn ìyá tó ń tajà ní Ìtòkú, wọ́n á gbé e sórí WhatsApp àti Instagram káwọn oníbàárà tó wà lókè òkun lè rí i rà. Láptọ́ọ̀pù kékeré kan ni mo fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀, oṣù tó kọjá ni mo wá tọwọ́ bọ àpò ra mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ inṣi 27, irú èyí táwọn tó ń ṣiṣẹ́ fótò àti fídíò gidi ń lò. Ẹni tó tà á fún mi ní òyìnbó kan tó ń ṣe fídíò ló lò ó kù.

Àtìgbà yẹn ni wàhálà ti dé. Àdìrẹ tí wọ́n ti tẹ̀ bọ aró léraléra, tó dúdú bíi koro iṣin, tí mo bá ti ṣí fótò ẹ̀ lórí mọ́nítọ̀ yìí, òkùnkùn lásán ni. Ibi tí aṣọ ti ká, ibi tí ìko ti fún un, mi ò rí nǹkan kan. Mo wá ń fa shadows (ibi tó ṣókùnkùn nínú fótò) sókè nínú Lightroom, áàpù tí mo fi ń tún fótò ṣe, mo fà á, mo fà á, títí ó fi hàn, mo bá fi ránṣẹ́. Ni ìyá bá pè mí lórí fóònù: "Ọmọ mi, ta ló bá mi fọ aṣọ mi? Aṣọ tí mi ò tíì tà, o ti jẹ́ kó ṣá!" Mo wò ó lórí fóònù tèmi, òótọ́ ni, ó dà bí èyí tí wọ́n ti ń wọ̀ lọ sóko látọdún mẹ́ta.

Mo ti gbé bráítínẹ́ẹ̀sì dé 100, ojú ló kàn ń dùn mí. Ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe calibration, ìyẹn títún àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ mọ́nítọ̀ ṣe kó péye, ni kí n wá owó ẹ̀ ni, àbí mọ́nítọ̀ yìí ti bàjẹ́?

Pànṣẹ́kẹ́Boy
Bọ̀ọ̀dá, tòkunbọ̀ nìyẹn o, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á kó tó sá lọ 😂 Tí ò bá gbà, ẹ wọ mẹ́nù ẹ̀, ẹ yí gamma (bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gòkè láti dúdú dé funfun) láti 2.2 sí 1.8, gbogbo ẹ̀ á mọ́lẹ̀ fò.

BàbáPíksẹ̀lì
Ẹ má tíì gbé nǹkan kan padà. Ìbéèrè kan péré: àwọn aṣọ funfun ńkọ́? Ẹ wá fótò lésì funfun kan jáde, ẹ wo ara ẹ̀ dáadáa.

Fótò_Ìtòkú
Ẹ̀gbọ́n, mi ò tiẹ̀ kíyè sí i tẹ́lẹ̀. Lésì ìyàwó kan tí mo yà ní Òkè-Ìlewó, ihò ara ẹ̀ ò hàn mọ́, ó dà bíi bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì. Lórí fóònù ó hàn ketekete.

BàbáPíksẹ̀lì
Mo fura bẹ́ẹ̀. Mọ́nítọ̀ yín ò bàjẹ́, òun àti kọ̀ǹpútà ni ò gbọ́ èdè ara wọn. Kọ̀ǹpútà ń ka ìmọ́lẹ̀ láti 0 dé 255, 0 ni dúdú pátápátá, 255 ni funfun báláú. Àwọn tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ fídíò ní tiwọn, 16 ni wọ́n ń pè ní dúdú, 235 ni funfun. Òyìnbó tó lò ó kù yẹn ṣeé ṣe kó ti gbé e sí ti fídíò, kọ̀ǹpútà tiyín sì ń fi 0 sí 255 ránṣẹ́, nítorí náà gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 16 di dúdú kan náà, gbogbo ohun tó ju 235 lọ di funfun kan náà. Ìdí tí mo fi béèrè lésì nìyẹn, torí tó bá jẹ́ bráítínẹ́ẹ̀sì tàbí gamma nìkan ni, dúdú àti funfun ò ní jọ sọnù pa pọ̀ báyẹn.

Pànṣẹ́kẹ́Boy, gamma ò lè gbà á o. 3 àti 15 ti di ọ̀kan náà kí gamma tó kàn wọ́n, kí ló fẹ́ yà sọ́tọ̀?

Ẹ wọ mẹ́nù mọ́nítọ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RGB Range tàbí HDMI Black Level sí, orúkọ ẹ̀ máa ń yàtọ̀, ẹ gbé e sí Full tàbí 0-255. Tẹ́ ẹ bá ń lo káàdì Nvidia, ẹ wọ Control Panel ẹ̀ náà, ẹ rí i pé Output dynamic range wà ní Full, torí tí mọ́nítọ̀ bá wà ní Full tí kọ̀ǹpútà wà ní Limited, dúdú á wá di eérú. Ẹ pa Dynamic Contrast àti gbogbo nǹkan eco, wọ́n máa ń yí ìmọ́lẹ̀ láìbi yín.

Lẹ́yìn náà ẹ má fojú dá a. Ẹ ṣí GIMP tàbí Photoshop, ẹ kun gbogbo ojú ẹ̀ ní dúdú 0,0,0, kẹ́ ẹ wá ya àwọn àpótí kéékèèké sí i, 2, 4, 6, 8, títí dé 20. Ẹ pa iná yàrá, ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí fún mi.

Fótò_Ìtòkú
Ẹ̀GBỌ́N!!! Mo ya àpótí yẹn kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, 18 ni mo kọ́kọ́ rí. Mo gbé e sí Full, mo wò ó padà, mo rí 4! Mo pariwo débi pé màmá mi sáré wọlé. Ìko inú àdìrẹ náà ti jáde, lésì ti ní ihò padà. Ẹ ṣé gan-an ni. Àmọ́ alẹ́ ni mo ṣe èyí o, láàárọ̀ yìí mo tún wò ó, 10 ni mo kọ́kọ́ ń rí, ṣé ó tún ti padà sẹ́yìn ni?

ÌyáPrint_Kútọ̀
Ọmọ mi, èmi ò mọ 16 àti 235 yín, ìwé ni mo mọ̀. Àmọ́ níbo lo jókòó sí? Ṣé fèrèsé wà lẹ́yìn ẹ? Ọmọṣẹ́ mi kan ń wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, funfun yẹn ló ń rí nínú gíláàsì, ó ní fótò dúdú. Mo ní kó lọ wọ aṣọ mìíràn. Èkejì, bọ́ nínú bráítínẹ́ẹ̀sì 100 yẹn, gbogbo ẹni tó ń lò ó ló ń wá bá mi jà pé mo tẹ fótò àwọn dúdú jù, bẹ́ẹ̀ ìwé ò ní iná lẹ́yìn.

BàbáPíksẹ̀lì
Màmá ti parí ẹ̀. Ẹ jẹ́ n fi ìṣirò sí i. Mọ́nítọ̀ IPS lásán (irú ojú mọ́nítọ̀ kan nìyẹn), tí ìmọ́lẹ̀ funfun ẹ̀ bá jẹ́ ìlọ́po 1000 ti dúdú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé funfun sí 120 cd/m² (bá a ṣe ń wọn ìmọ́lẹ̀ ojú mọ́nítọ̀), dúdú ẹ̀ á wà ní nǹkan bíi 0.12. Kékeré nìyẹn, oòrùn tó gba fèrèsé wọlé tó kọlu gíláàsì máa jù ú lọ fíìfíì, ìyẹn ló gbé àpótí 4 àti 6 yín lọ. Ẹ ta kọ́tìnnì, ẹ yí tábìlì padà.

Pànṣẹ́kẹ́Boy
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o 😅 tèmi VA ni, irú ojú mọ́nítọ̀ mìíràn, tí mo bá yọjú wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mo máa ń rí nǹkan tí mi ò rí nígbà tí mo bá kọjú sí i gan-an. Ṣé Full yìí náà ni?

BàbáPíksẹ̀lì
Rárá, ìwà VA nìyẹn. Dúdú ẹ̀ dúdú ju ti IPS lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbi tó ṣókùnkùn nínú fótò máa ń sọnù nígbà tó o bá kọjú sí i tààrà. Fi wo fíìmù, má fi ṣiṣẹ́ aṣọ dúdú.

Fótò_Ìtòkú, colorimeter, ẹ̀rọ calibration tẹ́ ẹ béèrè yẹn, ló kù fún yín báyìí, ẹ má sì rà á, mo ní ọ̀kan. Àwọ̀ funfun 6500K, gamma 2.2, ìmọ́lẹ̀ 120 cd/m² la máa gbé e sí, ọ̀fẹ́ ni DisplayCAL, sọ́fítíwia tá a máa fi ṣe é. Ibi tí mọ́nítọ̀ bá wà la ti ń ṣe é, torí náà èmi ni máa wá ní Sátidé. Ẹ tan mọ́nítọ̀ sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó dé kó lè gbóná. Kẹ́ ẹ sì ní sùúrù, ibi dúdú ló máa ń pẹ́ jù láti wọ̀n, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú ẹ̀rọ yẹn kéré. Epo jẹ́nẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ pèsè. Èyí tí mo ṣe gbẹ̀yìn ní Aṣẹ́rò, ó ku díẹ̀ kó parí ni NEPA mú iná lọ, a tún un ṣe látòkèdélẹ̀.

Fótò_Ìtòkú
Epo ti wà nílẹ̀ ẹ̀gbọ́n. Ìyá oníbàárà mi náà ní àwọn ń bọ̀ o, wọ́n láwọn máa gbé aṣọ wọn dání, àwọn máa gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́nítọ̀ fúnra àwọn.